Ìmọ́lẹ̀ Lórí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Òórùn yàrá náà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí: òórùn sípíríìtì àti ti òwú tútù, àti lábẹ́ méjèèjì, bí ẹni tó sá pamọ́, òórùn ìyẹ́ adìyẹ tí iná jó. Yàrá náà wà ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Adawlato, ọjà ńlá Lomé. Àwọn tó ń ta aṣọ àti ìpara ni wọ́n wà nísàlẹ̀. Bí a bá ṣí fèrèsé, gbogbo ariwo ọjà ni yóò wọlé, ti Mina, ti Faransé, ti Yorùbá, pẹ̀lú ohùn àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń ní kí èrò yà fún àwọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a tan ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Màdáámù, ọ̀gá mi, ní kí n ti fèrèsé, kí n fa aṣọ bò ó, a sì wà nínú òkùnkùn tútù kan bí ẹni wà nísàlẹ̀ kànga. Títí di òní, bí wọ́n bá ń fi iná jó ìyẹ́ adìyẹ ní ilé tí mo wà, ọwọ́ mi á ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi kí n tó mọ̀ pé mo gbé e sókè.

Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, mọ ìgbà tí mò ń sọ, nítorí a jọ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì mọ ara wa. Àwọn ọdún tí gbogbo Lomé ń béèrè fún ìjọba tiwa-n-tiwa ni, tí rédíò kì í sinmi, tí a máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ láìmọ̀ bóyá ọ̀nà yóò ṣì wà ní ṣíṣí ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, n kò sì lọ síwájú mọ́. Ọ̀dọ̀ Màdáámù ni mo ti rí iṣẹ́. Ará Lomé ni, ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú awọ ara ní ilẹ̀ Faransé, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó padà dé. Èmi ni mo ń gba àwọn oníbàárà, èmi ni mo ń gé òwú, tí mò ń se àwọn irin iṣẹ́ nínú omi gbígbóná, tí mò ń fọ tówẹ́ẹ̀lì tí mo sì ń sá wọn sórí okùn lójú fèrèsé. Àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá, àwọn ìyá olówó tó ń ta aṣọ nínú ọjà náà ń wá, ọ̀pọ̀ wọn sì ni ìpara tó ń bó ara ti ba ojú wọn jẹ́. Ìpara wọ̀nyẹn kún orí àtẹ nísàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa. Màdáámù a máa sọ pé ohun tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀ ni òun ń tọ́jú lókè, pé lọ́jọ́ tí àwọn ti ìsàlẹ̀ bá kógbá wọlé, ebi yóò pa òun.

Ní àárín rúkèrúdò yẹn ni ẹ̀rọ náà dé. Lésà ni wọ́n ń pè é. Ó ga tó fíríìjì kékeré, ó ní apá gígùn kan tó ń tẹ̀ bí apá ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ sì ń jáde ní ṣóńṣó apá náà, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Màdáámù ṣàlàyé fún mi pé ìmọ́lẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé kì í fọ́n ká bí ti gílóòbù. Ojú kan ṣoṣo ló ń dojú kọ. Ibi tó bá bà ni yóò jó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ní mọ nǹkan kan. Wọ́n ń fi mú àmì dúdú kúrò lójú ènìyàn ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n ń fi tún àpá ṣe. Ohun tí kò rí ẹni sọ fún un dájúdájú ni bí awọ dúdú yóò ṣe gbà á, nítorí àwọn tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́jú irú awọ tiwa. Nítorí náà, ẹ̀rọ náà dúró sí igun yàrá, aṣọ funfun bò ó, bí ìyàwó tí wọn kò tíì ṣí ìbòjú rẹ̀. Àwọn oníbàárà á wò ó, wọn á béèrè ohun tó jẹ́, wọn á sì ní kí Màdáámù ṣe é fún ẹlòmíràn ná.

Ó yẹ kí n sọ bí ojú mi ṣe rí. Pélé ni mo kọ bíi ti bàbá mi, mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní ti òsì, wọ́n dúró ṣánṣán, wọn kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Èmi nìkan ni mo kọlà nínú àwọn ọmọ bàbá mi. Apá Òkè Ògùn ni bàbá mi ti wá. Ó ti gbé ní Gánà rí, ó ń ta abọ́ tánńganran níbẹ̀, kó tó di pé ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Nínú èrò tó kún ojú ọ̀nà nígbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i mọ́. Ọmọ náà kò kọlà. Bàbá mi gbà títí ó fi kú pé ká ní ó kọlà ni, ẹnì kan ìbá wò ó lójú, ìbá sọ pé, "Ọmọ àwọn báyìí ni yìí," ìbá sì mú un wá. Nígbà tí wọ́n wá bí mi ní Lomé, n kò tíì rìn tí ó fi gbé mi lọ sílé, tí olóòlà fi abẹ kọ ojú mi, tí wọ́n sì ń kán omi ìgbín sí i kí ó lè tù mí. Nígbà tí wọ́n máa fi bí àwọn àbúrò mi, ìyá mi ti kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀rù bàbá mi náà sì ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Ní àràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á pe oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́, á sì wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì kí ó tó dá mi lóhùn, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan àpò wò bóyá kọ́kọ́rọ́ òun ṣì wà níbẹ̀. Mo rò nígbà náà pé iṣẹ́ olóòlà ló ń yẹ̀ wò.

Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n máa ń bi mí léèrè ológbò tó ha mí lójú. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ẹni tó bá kọlà ní ìlú tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọlà, kíákíá ló ń mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà òṣèlú dé, ojú wá di ohun tí wọ́n ń kà. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi táyà àti pákó dínà, wọ́n ń wo inú ọkọ̀, wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n gbà pé ará àríwá tí àwọn ológun ti wá ni, àwọn ológun náà sì ń ṣe tiwọn ní ibòmíràn. Mo wọ takisí láti Attiégou, àdúgbò wa, lọ sí ibi iṣẹ́ lówùúrọ̀ kan. Wọ́n dá wa dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó di àgbọ̀n mi mú, ó sì yí ojú mi sí oòrùn. Ó rọra ṣe é ni, bí ẹni ń wo tòmátì kó tó rà á. Ó bi mí ní ibi tí wọ́n ti ń kọ irú ilà yìí. Èdè Mina tí mo ń sọ láti kékeré sá lọ mọ́ mi lẹ́nu pátápátá.

Ìyá kan jókòó tì mí, ó gbé àwo ẹja gbígbẹ lé itan, n kò mọ̀ ọ́n rí. Òun ló dá a lóhùn. "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Anago ni. Ìwọ kò mọ ojú Anago? Abọ́ tí ìyá rẹ fi ń bu oúnjẹ fún ọ, ọ̀dọ̀ bàbá irú ọmọ yìí ló ti rà á."

Anago ni wọ́n ń pe gbogbo wa tó ń sọ Yorùbá ní Lomé. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí á máa lọ. Ohun tó ń tì mí lójú jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja. Nígbà tí mo dé Adawlato, mo dúró níwájú dígí Màdáámù, mo wo ojú mi bí òun náà ṣe wò ó, mo sì kórìíra rẹ̀.

Mo sọ fún Màdáámù pé mo fẹ́ kí ó bá mi pa ilà náà rẹ́. Ó jókòó, ó fi ìka tọ ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ó ní ọ̀bẹ ti wọlé jìn, pé ìmọ́lẹ̀ lè dín in kù ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò lọ. Ó ní ohun tó yẹ ni kí òun dán an wò lẹ́yìn etí mi, kí á dúró kí á rí bí awọ mi ṣe gbà á, kí á tó sún mọ́ ojú.

"Màdáámù," mo ní, "etí mi kọ́ ni wọ́n ń wò."

Ó wò mí pẹ́. Mo mọ̀ pé òun náà fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rọ olówó iyebíye ń wò ó láti igun yàrá, kò sì sí oníbàárà tó fẹ́ ṣíwájú. Ó ní òun yóò ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, a ó dúró kí ó jinná dáadáa, a ó wá ṣe èkejì. Ó ní kí n lọ sọ fún àwọn òbí mi. Mo ní mo ti sọ fún wọn. Mo ti dàgbà, ó sì gbà mí gbọ́.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí èmi fúnra mi máa ń tẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Ó fi awò dúdú bò mí lójú. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé n kò béèrè rí bí ó ṣe ń rí fún ẹni tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin nínú ihò, ó ń dún pá, pá, pá, ìró kékeré, ibi tó bá sì bà á máa ta mí bí ìgbà tí epo bá ta síni lára níbi tí a ti ń dín àkàrà. Lẹ́yìn náà ni òórùn ìyẹ́ adìyẹ yẹn. Mo mọ̀ pé èmi ni mò ń rùn bẹ́ẹ̀. Mo ń ronú nípa omi ìgbín. Màdáámù ń sọ fún mi ní Faransé pé ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, bí a ṣe ń sọ fún ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́.

Nílé, mo sọ fún bàbá mi pé eéwo ló sọ mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ilé iṣẹ́ Màdáámù ni wọ́n ti fi pílásítà bò ó fún mi, mo ní, nítorí oòrùn. Ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní kò dùn mí púpọ̀. Kò béèrè nǹkan mìíràn mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mo máa ń yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí i. Òun náà á wo òsì, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, o jí ire bí?" á sì gbójú kúrò.

Nígbà tí èépá ṣí kúrò, mo lọ wò ó nínú dígí ibi iṣẹ́, Màdáámù sì dúró lẹ́yìn mi. Ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Wọ́n jìn bí wọ́n ṣe jìn tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà mú lọ ni àwọ̀ mi. Ibi tí ilà wà ti di pupa ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó wá funfun díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ bí inú iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó sì fẹjú ju ilà gan-an lọ. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn ní láti súnmọ́ mi kó tó rí pélé mi. Báyìí, ẹni tó wà ní òdìkejì títì lè kà á. Màdáámù kò wí àwáwí. Ó ní, "Mo yára jù," ó sì fi ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní àwọ̀ náà lè padà bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n pé òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì títí òun yóò fi bá àwọn tó kọ́ òun sọ̀rọ̀. Mo tún lẹ pílásítà padà. N kò sunkún. Mo lọ fọ àwọn tówẹ́ẹ̀lì, torí oníbàárà kan ń bọ̀.

Kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ náà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ fi dé, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní gírẹ́ẹ̀fù. O rántí bí Adawlato ṣe rí. Mo ti ń rìn níbẹ̀ láti kékeré, n kò rí ilẹ̀ rẹ̀ rí, ẹsẹ̀ ènìyàn ló máa ń bò ó. Lọ́jọ́ tí mo lọ wo ibi iṣẹ́, mo rí ojú ọ̀nà náà lásán, mo rí ihò inú rẹ̀, mo rí ewé gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri. Ìlẹ̀kùn wa wà ní títì. Aládùúgbò kan sọ fún mi pé Màdáámù ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ó ti kúrò, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lókè nínú òkùnkùn lábẹ́ aṣọ funfun, tówẹ́ẹ̀lì tí mo sá sì wà lórí okùn, mo ń wò wọ́n láti ìsàlẹ̀. Èmi dúró ní àárín títì pẹ̀lú ojú tí wọ́n ṣe ìdajì rẹ̀.

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ènìyàn ń sá lọ sí Gánà, wọ́n ń sá lọ sí orílẹ̀-èdè Benin. Bàbá mi kọ́kọ́ rán ìyá mi àti àwọn àbúrò mi lọ. Èmi dúró tì í kí á lè palẹ̀ ọjà mọ́, lẹ́yìn náà àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnubodè Benin. Ó di ọwọ́ mi mú nínú ọkọ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, mo sì mọ̀ pé ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń rò.

Kí á tó dé ẹnubodè, a bá ìdènà kan. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró níbẹ̀ rí pílásítà ojú mi. Ó ní kí ni mo fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní eéwo ni. Ó ní kí n ṣí i. Mo wo bàbá mi, ó gbójú síwájú. Oòrùn ọ̀sán mú gan-an, gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì yíjú wò mí. Mo ṣí i. Pílásítà náà rọ̀ mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó kúrò.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kí ó wá wò ó. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ìlú apá ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ìlú apá òsì, kí n sọ èyí tí mo ti wá. Bàbá mi bá ṣí fìlà rẹ̀. Ó gbé ojú rẹ̀ súnmọ́ tèmi títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi kàn mí.

"Ọmọ mi ni," ó ní. "Ẹ wo ojú mi, kí ẹ wo tirẹ̀. Omi gbígbóná ló dà sí i lápá ọ̀tún."

Wọ́n wò wá. Wọ́n fi ilà rẹ̀ wé ilà òsì mi. Wọ́n ní kí á máa lọ. Bàbá mi dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì tún di ọwọ́ mi mú. N kò lè wò ó. N kò tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá mi rí; bí nǹkan bá ha abọ́ díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ibẹ̀ han oníbàárà. Irọ́ omi gbígbóná yìí sì yá jù. Kò ronú kó tó sọ ọ́. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ti tọ́jú rẹ̀ dè mí, ìyẹn ni pé ó ti mọ̀. Gbogbo òwúrọ̀ tí mo ń yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí i, ó ti mọ̀, ó sì ń bá mi wo òsì. Ìtìjú tó mú mi lórí ìjókòó yẹn, n kò rí irú rẹ̀ ṣáájú, n kò sì tíì rí i lẹ́yìn náà. Èyí tí àwọn tó dúró ní ìdènà fi mí ṣe kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

A dé ilé ní Òkè Ògùn. Gbogbo agbo ilé jáde wá kí wa kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀, gbá mi mọ́ra, ó tì mí sẹ́yìn, ó sì wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ló ṣe ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́?"

"Omi gbígbóná ni," bàbá mi dáhùn kí n tó la ẹnu. "Ìkòkò ló dà nù."

Ìyá náà tún wò ó. "Omi wo nìyẹn? Omi tó mọ ilà ilé wa tó bẹ́ẹ̀, tó ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, tó ti dé ṣáájú wa, wọ inú ilé lọ. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó tún un sọ pé omi gbígbóná ni, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú tààrà, títí ìyá náà fi sọ pé ó dáa, omi ni, Ọlọ́run ló yọ ọ́, ojú ìbá fọ́.

Lẹ́yìn tí a ti sinmi, wọ́n ránṣẹ́ pe olóòlà. Arúgbó ni, òun náà ló kọ mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ní kí n jókòó síwájú òun, ó sì wo iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti bàjẹ́. Kò bínú. Ó ní kò le rárá, òun yóò tún un kọ, òun yóò fi ẹ̀dú ra á, yóò padà dúdú. Ó ní ilà ẹ̀gbẹ́ kan dà bí ilé tí ògiri rẹ̀ kan wó. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà, mo ti tẹ orí ba. Mo rò pé ohun tó tọ́ sí mi nìyẹn, kí abẹ tún kọjá níbi tí iná ti kọjá, kí ara bàbá mi lè balẹ̀.

"Ẹ ṣé, bàbá," bàbá mi ní fún un. "Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣé bí ojú ọmọ yóò ṣe máa wà nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ojú ọmọ náà mọ́, àfi bí òun tó ni ojú bá ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Olóòlà ká irin rẹ̀ sínú aṣọ, inú rẹ̀ kò dùn. Bàbá mi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ó padà, ó bá mi níbi tí mo jókòó sí, lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, n kò mọ ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í ta ló sọ fún un.

"Eéwo kì í sọ ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tò lẹ́sẹẹsẹ," ó ní. "Mo rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára pílásítà."

Mo ní kí ó má bínú.

Adìyẹ kan ń fẹsẹ̀ walẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò ní parọ́ fún mi, pé ó dun òun, pé ó ń dun òun síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà náà. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ fi nǹkan sí ọ lójú láìbi ọ́."

Ó dìde, ó lọ wo bí wọ́n ṣe to ẹrù wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó ti mọ́ mi lára, mo yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí i. Ó na ọwọ́, ó di àgbọ̀n mi mú, ó sì yí ojú mi sí apá kejì, sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń wọlé. Ó wo ọ̀tún dáadáa. "Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "o jí ire bí?"

A padà sí Lomé nígbà tí ìlú rọlẹ̀. Màdáámù kò padà mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Àwọ̀ ojú mi padà díẹ̀, kò padà tán. Nísinsìnyí lésà ti wọ́pọ̀ ní ìlú, wọ́n ya àwòrán ojú dídán sí ara ògiri, mo sì gbọ́ pé àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí mọ awọ dúdú ju ti ìgbà náà lọ. Àwọn ọmọbìnrin tó bá rí mi máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ lè lọ ṣe é, wọ́n á bá yín tún un ṣe." Ire ni wọ́n ń rò fún mi. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ó pẹ́ tí ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Ojú ṣì máa ń tì mí, n kò ní tàn ọ́. Kì í ṣe nítorí ilà, kì í sì í ṣe nítorí funfun tó wà lára rẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tí kì í purọ́, tó purọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí mi, lójú àwọn àjèjì àti lójú àwọn ará ilé rẹ̀, tó sì gbà kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo rò pé ó fi ilà sí mi lójú kí àwọn ẹlòmíràn lè mọ̀ mí. Kò yé mi pé òun fúnra rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ká ní iná jó ojú mi tán pátá, ìbá ṣì na ọwọ́ láàárọ̀, ìbá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ìbá sì pè mí ní Àbẹ̀kẹ́.